Ọdún tí Ó Kan Ìdí Àníkẹ́

Àìkú, 7 oṣù kẹfà, 1992

Mo ti la ẹnu mi, kò sì ṣeé pa dé mọ́.

Ìpàdé ilé wa ní Ìrẹmọ lónìí. Ọ̀rọ̀ àyè ọ̀fẹ́ tún dé, ní ilé-ìwé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ wa lójú ọ̀nà Oǹdó. Ọmọ kan lọ́dọọdún, kò ní san kọ́bọ̀ títí yóò fi jáde. Ìdí-igi la fi ń pín in láti ìbẹ̀rẹ̀: ìdí Àníkẹ́, ìdí Fàòsíyà, ìdí Abọ́sẹ̀dé, bí àwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bàbá ńlá wa ṣe wọlé tẹ̀ léra. Ìdí tó bá kàn ni yóò mú ọmọ wá. Lọ́dún tó kọjá ìdí Abọ́sẹ̀dé mú ọmọkùnrin kan wá tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ dáadáa. Kò parí táàmù kejì tó fi sá lọ. Àyè náà ṣòfò.

Mo dìde, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká dán àwọn ọmọ wò, kí ẹni tó mọ̀wé jù gba àyè náà, láti ìdí yòówù kó ti wá. Mo ní òwe tiwa gan-an sọ ọ́: ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Wọn ò sọ pé ọmọ tó kàn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ẹ̀rín náà ju bó ti yẹ lọ.

Abdulwaheed, bíríkìlà, tó jẹ́ ọmọ ìdí Àníkẹ́, rọra dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín dáa. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ló kàn wá. Ṣé a ò lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní èèmíì?"

"Ọdún wo ni kò ní kan ẹnì kan?" Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn.

Ohùn obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn: "Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ gbé e fún?" Lóòótọ́, Ọláolúwa, ọmọ Akínkúnlé àbúrò mi, parí púráímárì lọ́dún yìí, ìdí Fàòsíyà sì ni wá. Ojú tì mí. Mo búra níwájú gbogbo wọn pé ohun yòówù tí ìdánwò bá mú jáde, n kò ní la ẹnu bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Fáṣínà, Baálé wa, dijú bí ẹni tó ń sùn. Ó ní, "Ó dáa. Abímbọ́lá, ìwọ tíṣà, ìwọ lo mú un wá. Ìwọ ni kó o ṣe é."

Mo borí. Kí ló dé tí ara mi ò balẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 9

Òjò láti àárọ̀. Kò síná. Kóńgò gàrí ti di náírà méje. Ẹni tó ta kẹrosíìnì fún mi bu omi sí i, àtùpà ń ta páà-páà bí ẹni pé inú ń bí i.

Àìkú, 14

Mo lọ sílé Akínkúnlé nínú ọgbà fásitì. Ìyanṣẹ́lódì ti sọ ibẹ̀ di ahoro, ewúrẹ́ ń jẹko níwájú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Fisáyọ̀mi, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ kí mi.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o. Ohun tẹ́ ẹ ṣe nílé yẹn dáa gan-an. A ti gba tíṣà lẹ́sìnnì fún Ọláolúwa."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́ kejì ìpàdé. Akínkúnlé ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló gbà á. À ń jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ni."

Mo bi í bóyá kò lè san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun lè san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ni òun lára. "Àmọ́ iyì ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ọgbà yìí. Máàkì ló gbé àwọn kan wọlé, ìpínlẹ̀ wọn ló gbé àwọn mìíràn wọlé. Ẹni tí máàkì gbé wọlé, ẹ máa mọ̀ ọ́n nínú ìrìn rẹ̀."

Mo wo ìrìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tó kù lọ́nà. N kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Àbámẹ́ta, 20

Mo lọ sọ ọjọ́ ìdánwò fún wọn ní Ìrẹmọ. Abdulwaheed ń tún ògiri ẹ̀yìnkùlé mọ. Bàbá Fáṣínà jókòó sórí àga wọn, wọ́n ní igba búlọ́ọ̀kù ni yóò parí rẹ̀. Hàjàrá, ọmọ Abdulwaheed, gbé garawa omi kọjá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó tínrín bí igi ìgbálẹ̀. Ó dúró, ó ní:

"Kò ní tó, Bàbá. Ìlà mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ mọ, ìlà kan sì ń jẹ mẹ́rìnlélógún. Ó ku ogójì."

Abdulwaheed dá iṣẹ́ dúró.

"Ta ló pè ọ́ sí i?" Bàbá ò pariwo, ìyẹn gan-an ló le. "Àgbà ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń já a gbà? Àbí mo ti di ẹgbẹ́ rẹ?"

Abdulwaheed ti na ọwọ́ sí i pé kó kúnlẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ tòun ti garawa lórí, omi ń dà sí i lọ́rùn. Nígbà tó yá Bàbá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ó dáa, mélòó ló wá kù, ọ̀gá bíríkìlà?"

"Bí ẹ ṣe wí ni, Bàbá."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà fọwọ́ pa á lórí, mo ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Nínú takisí mo ṣe ìṣirò náà. Ó ku ogójì lóòótọ́.

Ọjọ́rú, 24

Mo ń kà nípa ìdánwò tí àwọn ọba Ṣáínà fi ń yan òṣìṣẹ́ ìjọba láyé àtijọ́. Wọ́n á ti ọkùnrin kọ̀ọ̀kan mọ́ inú yàrá tóóró pẹ̀lú yíǹkì àti oúnjẹ, kò ní jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ àgbẹ̀ lè gba ibẹ̀ di gómìnà. Orí mi wú bí mo ṣe ń kà á. Mo ṣí ewé, mo wá ń ronú pé ta ló ń ro oko bàbá ọmọ àgbẹ̀ yẹn ní gbogbo ọdún tó fi ń kàwé? Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sì sí obìnrin kan nínú àwọn yàrá wọ̀nyẹn.

Àwọn òyìnbó náà gbé tiwọn dé. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n jọ fẹ́ ṣe ìdánwò Standard Six. Ọ̀rẹ́ náà mọ ìṣirò jù wọ́n lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ibà dá a dúbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Bàbá mi di akọ̀wé, ọ̀rẹ́ wọn gbé àdá. Bàbá mi máa ń fi ẹ̀rín sọ ìtàn yẹn. Ṣé ibà ló sọ mí di ọmọ akọ̀wé ni?

Ó yẹ kí n sùn.

Ìṣẹ́gun, 30

Lẹ́tà ìgbéga dé láti Òṣogbo. Wọ́n ti fi Fáníyì, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa. Kì í tètè dé kíláàsì, èèyàn jẹ́jẹ́ ni ṣá, òun ló sì kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ nínú wa. Àwọn olùkọ́ ń bá mi yọ̀: "Ìyáàfin, ẹ̀yin ló kàn lẹ́yìn rẹ̀ o!" Inú mi dùn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mo sọ ní Ìrẹmọ.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù keje

Ìdánwò. Ọmọ méje jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá, òjò ń lu páànù débi pé igbe ni mo fi ń ka ìbéèrè. Nọ́ńbà ni mo ní kí wọ́n kọ, kì í ṣe orúkọ, Fáníyì ló sì bá mi máàkì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi bá wí. Ọláolúwa mú rúlà, pẹ́ńsù méjì àti omi tútù wá. Hàjàrá yá bírò lọ́wọ́ mi.

Àìkú, 12

Hàjàrá 87. Ọláolúwa 82. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn jìnnà sẹ́yìn gan-an.

Ayọ̀ mi kún. Ọdún tó kan ìdí Àníkẹ́, ọmọ ìdí Àníkẹ́ ló sì ṣe ipò kìíní! Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n wo ìwé náà lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ìwé ti sọ tirẹ̀. Ẹnu ńkọ́?"

"Bàbá, a ò sọ pé a máa ṣe ti ẹnu."

"Ìwọ ni o ò sọ. Iṣẹ́ kòkó ni mo ṣe dàgbà. Tí àgbẹ̀ bá gbé àpò wá, mi kì í wo ara rẹ̀. Mo máa ń fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ sí méjì, kí n tó sọ pé gíréèdì kìíní ni tàbí ìkejì. Ẹ mú àwọn méjì tó ṣáájú wá, ká là wọ́n wò. Ọgọ́rùn-ún fún ìwé, ọgọ́rùn-ún fún ẹnu."

Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí mi. Mo gbà.

Àbámẹ́ta, 18

N kò mọ bí n ó ṣe kọ tòní.

Bàbá wà láàárín, Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́, àgbà ìdí Abọ́sẹ̀dé, wà lọ́tùn-ún wọn, èmi wà lósì pẹ̀lú bírò. Àwọn ará ilé dí ẹnu ọ̀nà pa. Àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọláolúwa fi ọdún kan ju Hàjàrá lọ, nítorí náà òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Kò sẹ́ni tó rò ó wò. Èmi náà kò rò ó.

Bàbá kọ́kọ́ sọ ìtàn iṣẹ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kòkó lọ sí Èkó níbi tí ìjọba wà. Wọ́n wá béèrè: "Kí ni olú-ìlú Nàìjíríà?"

Ọláolúwa dìde, ó wo ojú Bàbá. "Èkó ni, Bàbá."

"O káre! Ìwọ ńkọ́?"

Hàjàrá ti kúnlẹ̀. "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni, Bàbá."

Wọ́n béèrè ohun tó ń mú òjò rọ̀. Ọláolúwa sọ̀rọ̀ títí, ìlàjì rẹ̀ tọ̀nà. Hàjàrá: "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí ni." Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọláolúwa ní òun fẹ́ di ẹnjiníà. Hàjàrá ní iṣẹ́ tí àwọn bàbá òun bá fẹ́.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ mi orí. "Ọmọ yìí ò lẹ́nu. Àbí ẹlòmíì ló bá a kọ ìwé yẹn ni?"

Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Abdulwaheed wà láàárín wọn, kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé olú-ìlú ti kúrò l'Ékòó láti oṣù kejìlá tó kọjá. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo wo ojú Bàbá, mo wo àwọn èrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n kọ 90 fún ọmọkùnrin, 40 fún ọmọbìnrin. Mo kọ ọ́.

Àìkú, 19

Ọláolúwa ló gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọjọ́rú, 22

Mo yọ ìwé ìdánwò wọn jáde, mo tún un wò. Mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè olú-ìlú nínú ti ìwé náà. Hàjàrá kọ Àbújá. Ọláolúwa náà kọ Àbújá.

Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Àwa mẹ́ta la mọ̀ ọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ó kéré tán.

Àìkú, 26

Lẹ́yìn ìsìn mo gba ọ̀dọ̀ Akínkúnlé. Mo pe Ọláolúwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ìdí tó fi sọ pé Èkó. Kò ta kò mí, kò sì bẹ̀rù.

"Àǹtí, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán pé Èkó nìjọba wà. Tí mo bá ní Àbújá ńkọ́, ṣé wọ́n máa fún mi ní máàkì? Ìdánwò Bàbá nìyẹn. Ti yín ni mo kọ Àbújá sí."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ náà kò parọ́ fún mi. Ó mọ ẹni tó ń bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nípò ńlá ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ni wọ́n mọ̀ ju ìyẹn lọ? Ṣé ọgbọ́n kọ́ nìyẹn? Tó bá sì jẹ́ ọgbọ́n ni, ẹ̀bùn rẹ̀ tọ́ sí i nígbà náà. Mo rò ó títí, ó ń yí bí òkòtó.

Akínkúnlé ti gbọ́ wa láti inú yàrá. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ búra níwájú gbogbo ilé. Ṣé torí pé ọmọ mi ló gbà á lẹ ṣe fẹ́ yí i padà? Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ńkọ́?"

Mo gbé báàgì mi, mo jáde.

Àìkú, 2 oṣù kẹjọ

Ìpàdé. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu, mo gbé e padà wálé.

Àbámẹ́ta, 8

Ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù kẹjọ ti dé, atẹ́gùn tutù. Mo lọ sọ́dọ̀ Abdulwaheed. Ó ń po sìmẹ́ǹtì, kò dá iṣẹ́ dúró. Mo sọ ohun tí mo rí nínú ìwé fún un, mo ní mo fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún wa." Ó ń fi ṣọ́bìrì gún ilẹ̀. "Nígbà tó jẹ́ tiwa, ẹ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tọ́mọ mi ṣe ipò kìíní, wọ́n ní kò tíì tó. Tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀bẹ̀ wàyí, wọ́n á ní àánú ló gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ti ní kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ òun. Tó bá di oṣù kẹwàá, màá mú un lọ."

"Ọmọ tó mọ ìṣirò báyìí?"

"Ìṣirò ò sí nínú aṣọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, n kò lè bá a rín in.

Hàjàrá gbé báàgì mi sìn mí dé títì. Mo bi í lójú ọ̀nà: "Hàjàrá, o mọ̀ pé Èkó kọ́. Kí ló dé tó o dákẹ́?"

Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ má bínú mà. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ó ní bóyá kò yẹ kéèyàn sọ ọ́ ni. Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, òótọ́ ló ń wí: ó wò mí láti mọ ohun tó yẹ, mo sì fi hàn án.

Àìkú, 16

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó ti ìwé, n kò kà á.

Kí là ń pè ní ẹni tó tọ́ sí? Àwọn àgbà ní ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Èmi ni mo pa á lówe. N kò ronú dé ìdí àwo náà. Tí ọmọ tó fọwọ́ mọ́ bá jókòó tán, ta ló ń kọ́kọ́ mú ẹran? Ọmọ tó bá na ọwọ́ ṣáájú àgbà, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí kò bá sì na ọwọ́, ebi á pa á níwájú oúnjẹ. Hàjàrá ṣe gbogbo ohun tí a kọ́ ọ. Tìtorí rẹ̀ gan-an la fi fún un ní 40.

Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń bọ̀ tí yóò máa máàkì ìdánwò fúnra rẹ̀. Bóyá nígbà tí àwọn ọmọ yìí bá di àgbà, òun náà ni yóò máa bi wọ́n léèrè. Kò ní mọ ẹ̀gbọ́n, kò ní mọ àbúrò, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí inú mi dùn sí i. Ta ni yóò kọ́ ẹ̀rọ náà ní ohun tó tọ̀nà? Tó bá jẹ́ ẹni tó gbà pé Èkó ni ńkọ́?

Àìkú, 23

Mo lọ bá Bàbá Fáṣínà láwọn nìkan. Mo kúnlẹ̀, n kò sì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, mo bá bi wọ́n nípa kòkó. Mo ní ṣé òótọ́ ni pé ọ̀bẹ kì í mọ ojú?

"Ọ̀bẹ kì í mọ ojú. Àmọ́ òjò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó nílé, tó ní pèpéle sìmẹ́ǹtì, orí rẹ̀ ló ń sá kòkó sí. Tó bá ṣú, á sáré kó o wọlé. Ẹni tí kò ní, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sá tiẹ̀. Mo bá là á, ó bu inú. Mo kọ gíréèdì kejì. Òótọ́ ni mo kọ."

"Ó ń dùn yín, Bàbá?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí? Ṣé kí n pe èyí tó bu ní èyí tí kò bu?"

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Hàjàrá àti ti Àbújá fún wọn. Wọn ò bínú bí mo ṣe rò.

"Gbangba lo ti dákẹ́, Abímbọ́lá. O wá ń sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀. Kí ni kí n fi í ṣe ní kọ̀rọ̀?"

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹsàn-án

Òjò ti padà. Mo ra iṣu tuntun mẹ́ta, owó rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. N kò lè jẹun.

Àìkú, 6

Mo sọ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ forí jì mí. Olú-ìlú Nàìjíríà ti kúrò l'Ékòó, Àbújá ni. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí a bi àwọn ọmọ yìí, mo sì kọ máàkì fún Èkó. Hàjàrá náà mọ̀ ọ́n. Òun bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi bọ̀wọ̀ fún yín. Wọ́n gba máàkì lọ́wọ́ tirẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún tèmi."

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n gbé olú-ìlú lọ, wọn ò sọ fún wa?"

Ilé dà rú. Ẹnì kan ní ṣebí mo búra. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti da ìbúra mi, kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín bí wọ́n bá fẹ́. Akínkúnlé dìde: "Ọmọ mi ṣe ìdánwò tí ẹ gbé kalẹ̀, ó yege. Kí ló ṣe?" Kò sẹ́ni tó lè sọ pé nǹkan báyìí ló ṣe. Èmi náà kò lè sọ ọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n lo ti ìwé nìkan. Àwọn kan ní kí wọ́n tún ti ẹnu ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá. Àwọn obìnrin ní ta ni yóò tún bi wọ́n, ṣé èmi yìí náà?

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló là á. "Ẹ gbọ́ o. Ìdánwò yìí fẹ́ fọ́ ilé. Nígbà tá a fi ìdí-igi pín in, ta ló bá ta jà? Ẹ jẹ́ ká padà síbi tá a ti ń bọ̀. Ìdí Àníkẹ́ ló kàn. Kí wọ́n mú ọmọ wọn wá."

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ó kàn wọ́n! Ó kàn wọ́n!" Bàbá Fáṣínà wò mí, wọ́n ní, "Ó parí."

Abdulwaheed dárúkọ Hàjàrá. Òun ló máa lọ. Ọmọ tó ṣe ipò kìíní ló máa lọ, nítorí pé ó kàn án.

Akínkúnlé gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò kí mi.

Ọjọ́rú, 9

Mo gba Ìrẹmọ kọjá. Àwọn èèyàn ń kí Abdulwaheed: "Ẹ kú oríire, ó kàn yín o." Kò sẹ́ni tó dárúkọ ipò kìíní. Mo dúró, mo ní ọmọ náà ló ṣe dáadáa jù. Obìnrin kan dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ̀n-ẹ́n, ó tún wá ṣe dáadáa. Orí rẹ̀ dáa."

Ṣé mo borí ni, àbí wọ́n borí mi? Ká ní mo ti dákẹ́ láti oṣù kẹfà, Hàjàrá ni wọn ì bá mú lọ bákan náà, àbúrò mi ì bá sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé òun ni bàbá rẹ̀ ì bá mú wá? Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ti tún kíláàsì kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ bi Abdulwaheed. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ bà mí.

Àìkú, 27

Fisáyọ̀mi wá láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Wọ́n ti rí ilé-ìwé mìíràn fún Ọláolúwa, wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ọmọ náà ní kí òun kí mi, kí òun sì sọ fún mi pé ilé-ìwé náà ṣe ti ẹnu fún un, wọ́n bi í ní olú-ìlú, ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá wọn kó tó dáhùn. A jọ rẹ́rìn-ín, omi lé sí mi lójú.

Ajé, 5 oṣù kẹwàá

Ilé-ìwé wọlé lónìí. Mo yà ní Ìrẹmọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Yunifọ́ọ̀mù Hàjàrá gùn dé kókósẹ̀, bàbá rẹ̀ ní kó lè lò ó dé kíláàsì kẹta ni. Bàbá Fáṣínà wà lórí àga wọn, wọ́n dijú, oòrùn àárọ̀ ń yá wọn lára.

N kò mọ ohun tó sún mi dé ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà létí, mo ní, "Kí ni olú-ìlú Nàìjíríà?"

Ó wo ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó gbé ẹnu sí etí mi: "Àbújá."

"Kí ló wí?" Bàbá ò la ojú.

Ẹnu mi ti yá kí n tó mọ̀. "Ó ní ó dàbọ̀, Bàbá."

Hàjàrá wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ síwájú àga, ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti yunifọ́ọ̀mù tuntun.

"Bàbá, Àbújá ni mo wí."

Bàbá la ojú. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n wo èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Èkó lèmi mọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. "Dìde. Máa lọ, kó o má pẹ́."